Ẹni Kíkú Lára Ilẹ̀kùn Dókítà

Ọ̀dà pupa ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, lẹ́tà gbàǹgbà gbàǹgbà, láti etí ilẹ̀kùn kan dé etí kejì: STERBLICHER. Ẹni kíkú. Ọ̀dà náà ṣàn díẹ̀ kó tó gbẹ, ilẹ̀kùn wá rí bí ẹnu ọmọ tó jí epo lá.

Dókítà Oyèbánjí, tó ni ilẹ̀kùn, dúró tì í bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ya fọ́tò òun.

"Ẹ wò ó, madam," ó ní. "Ẹ wo nǹkan tí àwọn ará oko fojú mi rí."

Fẹ́yìsetán wò ó. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Altona ní Hamburg ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń bá èèyàn wádìí ọ̀ràn tó bá ti sú ọlọ́pàá. Kì í kánjú. Ní abúlé tí wọ́n ti bí i, lẹ́bàá Ìwó, wọ́n máa ń sọ pé ìgbín ló kọ́ ọ nírìn. Ṣùgbọ́n ìgbín tí kò kánjú yẹn náà ló ń gun igi, tí aláǹgbá ń já bọ́.

Ó bọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan. Ìyẹn nìkan ti ń bí dókítà nínú.

Ilé gogoro ni ilé náà, ọ̀kan nínú àwọn ilé Märkisches Viertel ní Reinickendorf, tí fèrèsé wọn pọ̀ bí ojú afárá oyin. Ilé tí irú èmi àti ẹ̀yin ń gbé ni. Bí dókítà bá wà nínú rẹ̀, ńṣe ló máa ń ṣe bí ẹni tó wá kí èèyàn níbẹ̀. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó kàwé gboyè ní Berlin, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ yìí, òun gan-an ló ni ín lẹ́nu.

Nínú ìwé àtijọ́ àwọn ará Jámánì, àwọn òrìṣà ló ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ọmọ aráyé nígbà tí wọ́n bá ń wò wọ́n látòkè: Sterbliche, ẹ̀yin tí ikú ń bẹ níwájú yín. Lóde òní àwọn ará Berlin ti sọ ọ́ di àwàdà. Bí wọ́n bá rí ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ga ju ilé lọ, wọ́n á ní kì í ṣe ti Normalsterbliche, kì í ṣe ti ẹni kíkú lásán bíi tiwa. Ara wọn ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Dókítà ò fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín rí. Bó bá sọ ọ́, ẹlòmíì ló ń jù ú lù.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó kọjá ló jù ú lu Táòfíkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti dìde, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rí i pé ẹ ti ń kọ 'ọ̀jọ̀gbọ́n' síwájú orúkọ yín. Inú wa dùn. Yunifásítì wo ni, ká lè wá bá yín yọ̀?"

Dókítà ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Normalsterblicher kì í bi mí nírú ìbéèrè yẹn. Jókòó."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Táòfíkì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kò burú, sà. A óò tún un sọ ní ìpàdé tó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Alámìísì ọ̀sẹ̀ náà ni ilẹ̀kùn pọ́n.

Ọlọ́pàá méjì tó wá wò ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní àfi bí eré àwọn ọmọ ilé ìwé. Dókítà bá fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣàlàyé fún wọn pé ní ilẹ̀ tòun, ẹni tó bá pe èèyàn ní ẹni kíkú lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ ti fi ẹnu sin ín. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìhàlẹ̀ ikú ni, wọ́n bi í ta ló fura sí, ó sì dárúkọ. Níbi iṣẹ́ Táòfíkì, tí wọ́n ti ń kun irin ní Reinickendorf níbẹ̀, wọ́n bá pupa lára aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kó dúró sílé. Táòfíkì ṣì wà nínú Probezeit, ìyẹn oṣù tí wọ́n fi ń dán òṣìṣẹ́ wò, wọ́n lè lé e láìsọ ìdí. Bí ọ̀ràn náà kò bá yanjú kí wọ́n tó ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n máa lé e. Bí iṣẹ́ bá lọ, ìwé ìgbélùú rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ìyá rẹ̀ ló fi ẹkún pe Fẹ́yìsetán láti Ìwó.

"Dókítà," Fẹ́yìsetán sọ̀rọ̀ níkẹyìn, "nígbà tí wọ́n kọ nǹkan yìí, ibo lẹ wà?"

"Hamburg. Altona. Ibùdó ìwádìí mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń dúró dè mí lọ́jọ́ Alámìísì yẹn."

"Altona? Àdúgbò mi mà ni. Apá ibo?"

"Madam, ibùdó ìwádìí ni mo pè é, mi ò pè é ní ọjà ẹja. Ẹ ò lè mọ ibẹ̀."

"Mo mọ ọjà ẹja dáadáa, Dókítà. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi imú mọ èyí tó ti pẹ́ lórí àtẹ."

Níkẹ́, ìyàwó dókítà, tó dúró sínú ilé, yíjú sí ògiri kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí ẹnu rẹ̀.

Fẹ́yìsetán sún mọ́ ilẹ̀kùn. Ó fi èékánná yọ irun búrọ́ọ̀ṣì kan tó lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ó wò ó, ó fi í sínú àpò ìwé tó wà nínú báàgì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo àwọn orúkọ tó wà níbẹ̀. Èyí òkè jẹ́ idẹ tó ń kọ mànà, "Prof. Dr. Oyèbánjí"; ọ̀dà ti ta sí i lára kárí. Èyí ìsàlẹ̀ jẹ́ pátákó kékeré tí ọmọ fi ìyẹ̀fun àti iyọ̀ mọ, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé jẹ́lé-ó-sinmi ní Jámánì. Wọ́n yan án gbẹ, wọ́n kùn ún bí òdòdó ọsàn, wọ́n sì kọ MIA sí i. Okùn ló fi rọ̀ sára ìṣó.

Ó gbé pátákó náà sókè. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ́tà B gba ibẹ̀ kọjá pátápátá. Lára pátákó náà fúnra rẹ̀, kò sí àmì pupa kankan, bó ti wù kó kéré mọ.

"Ta ló so èyí kọ́?"

"Èmi ni, mà," Níkẹ́ dáhùn. "Lẹ́yìn tí àwọn ọlọ́pàá lọ. Nígbà tí mo tibi iṣẹ́ dé, kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ẹni tó kọ ọ́ ti jí i lọ ni."

"Ibo lo ti wá rí i?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì Mia, lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo ní Mia ló fi ṣeré."

Ohùn kékeré kan ti inú yàrá wá. "Ich komm da gar nicht ran!"

Mia, ọmọ ọdún mẹ́jọ, yọ orí síta pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu. Ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó na ọwọ́ sókè kí gbogbo ayé lè rí i. Ìṣó náà fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ réré.

"Ó ní ọwọ́ òun ò tó o," Fẹ́yìsetán wí. "Òótọ́ ló sọ."

"Ṣé ọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ wọ ọkọ̀ ojú irin wá gbọ́ láti Hamburg?" dókítà bèèrè.

"Ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ kì í wo òkè, Dókítà."

* * *

Fẹ́yìsetán bá Táòfíkì níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó, ajá ìyá arúgbó kan sì gbó o.

"Dìde, kí ajá má fi ẹ́ ṣe oúnjẹ. Ṣé ìwọ lo kọ ọ́?"

"Àǹtí, Ọlọ́run ń gbọ́ mi..."

"Ọlọ́run kọ́ ni mo bi. Ìwọ ni mo bi."

"Èmi kọ́, mà."

"Ṣé ó wù ẹ́ kí o kọ ọ́?"

Táòfíkì wo ojú títì. Bọ́ọ̀sì kan dé, ó lọ. "Èyí tó burú jù ú lọ ló wù mí kí n kọ."

Fẹ́yìsetán rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ó dáa. Èèyàn tó bá sọ ibi tó ń dùn ún, mo lè bá a rìn. Pupa ara aṣọ ẹ ńkọ́?"

"Àtíkè ni, mà, kì í ṣe ọ̀dà olómi. A máa ń fọ́n ọn sára irin ni, a ó wá gbé irin náà sínú ààrò ńlá kó lè yọ́ mọ́ ọn. Bí kò bá tíì dé inú ààrò, bí ẹ bá sín, gbogbo ẹ̀ á fò lọ. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì kọ ọ́ sára pákó."

"Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá?"

"Pupa ni wọ́n rí, mà. Pupa ti tó wọn."

Fẹ́yìsetán pòṣé. Ojú tó ń wá olè kì í rí ọ̀nà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń rí.

"Jẹ́ kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan. Bí o bá fẹ́ fi èdè Jámánì dẹ́rù ba èèyàn, ṣé ọ̀rọ̀ yẹn lo máa mú?"

"Kí n má rí i! Ọ̀rọ̀ inú ìwé ni. Bí mo bá pe ọ̀gá mi ní Sterblicher, á ní bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ náà ńkọ́, á sì máa jẹ sọ́séèjì ẹ̀ lọ. Kò lè dẹ́rù ba ọmọ ibí kankan."

"Ta ló wá ń bà lẹ́rù?"

"Ẹni tó bá fi etí ilé gbọ́ ọ, mà. Ìyá mi, bó bá mọ ìtumọ̀ ẹ̀, yóò ti nu ọ̀dà náà kúrò kó tó gbẹ."

"Ó dáa. Ta ló wà lẹ́nu ẹ̀ lójoojúmọ́?"

Táòfíkì wò ó. "Ẹnì kan ṣoṣo ni. Àmọ́ àǹtí, ta ló máa kọ irú ẹ̀ sí ilẹ̀kùn ara ẹ̀?"

"Ẹni tó mọ̀ pé gbogbo ayé gbọ́ nígbà tóun fi bú ẹ. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá rí i, ìwọ ni wọ́n máa rántí. Ṣùgbọ́n èrò lásán nìyẹn ṣì ni. Èmi kì í fi èrò mú èèyàn. Ọlọ́pàá fi mú ẹ, ibi tó gbé wa dé nìyí."

* * *

Lọ́jọ́ kejì, Fẹ́yìsetán ń rìn kiri Altona láti ilé kan dé èkejì, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ó bèèrè ibùdó ìwádìí. Ẹnì kan júwe ilé oníṣègùn eyín fún un. Ẹlòmíì ní bóyá ilé ìwé ijó ni. Nígbà tó yá, ó dárúkọ ọkùnrin náà dípò ibùdó náà, wọ́n bá ní kó lọ wo ilé kan tí wọ́n ti ń fi tábìlì háyà fún ẹni tí kò ní ọ́fíìsì.

Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ń jẹ́ Jasmin. Ọmọ Abẹ́òkúta ni bàbá rẹ̀, Hamburg ni wọ́n sì bí òun sí. Bó ṣe rí gèlè Fẹ́yìsetán ló kúnlẹ̀ ìdajì. "Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní, Yorùbá tó ti gba etí òkun kọjá. Ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ sí èdè Jámánì.

Fẹ́yìsetán ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbánjí lòún ń wá.

"Akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀?" Jasmin fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó nawọ́ sí tábìlì kan lẹ́bàá fèrèsé. "Ibẹ̀ yẹn nìyẹn, mà. Tábìlì kan ni. Bó bá dé, á wò wá látòkè délẹ̀, á ní 'Guten Morgen, ihr Sterblichen!' Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ẹni kíkú! Lẹ́yìn náà, á ṣí kọ̀ǹpútà, á jẹ búrẹ́dì, á sì sùn. Ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́ o."

"Mi ò ní sọ ọ́. Lọ́jọ́ Alámìísì tó kọjá ńkọ́? Ṣé ó jẹ búrẹ́dì?"

"Nee, kò wá lọ́jọ́ Alámìísì, mà. Mo rántí dáadáa." Ó mí kanlẹ̀. "Ibí yìí tòrò."

Fẹ́yìsetán rẹ́rìn-ín dé inú ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀jọ̀gbọ́n orí tábìlì háyà! Ó ti rí ọba tí kò nílùú rí, ó ti rí wòlíì tí kò níjọ, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ jẹ́ èérún búrẹ́dì, àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí. Ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ irọ́ dókítà náà, àmọ́ bí ọkọ̀ ti ń sáré gba àárín oko kọjá lọ sí Berlin, ẹ̀rín náà tán.

Irọ́ tó pa ò tíì fi í mú. Ẹni tó ń fi ìtìjú pamọ́ àti ẹni tó ń fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́, aṣọ kan náà ni wọ́n ń dà bora. Bó bá sọ pé ojú ló ń ti òun, pé òun kàn lọ jókòó síbòmíràn, kí ni Fẹ́yìsetán yóò fi dá a lóhùn? Kí ló so ọwọ́ ọkùnrin yẹn mọ́ búrọ́ọ̀ṣì?

Pátákó ọmọ ni.

Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ já pátákó náà kúrò. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní àmì ọ̀dà. Kò jù ú sílẹ̀ bí ìdọ̀tí, ó ṣílẹ̀kùn wọlé, ó lọ tọ́jú rẹ̀ sí abẹ́ ìrọ̀rí. Táòfíkì ò ní kọ́kọ́rọ́. Níkẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, òun náà sì ní ahọ́n tó mú fún ọkọ rẹ̀, nítorí náà Fẹ́yìsetán pe ilé àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ Alámìísì yẹn ló fi wà lọ́dọ̀ àwọn, títí tó fi lọ mú ọmọ níléèwé kó tó lọ sílé. Ó ku ẹnì kan. Ẹni náà fi idẹ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀dà ta sí i, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ikú kọjá lórí orúkọ ọmọ.

Òyìnbó ò ní ronú ẹ̀ láéláé. Ọlọ́ṣà ò ní ráyè ẹ̀. Ẹni tó gbà tọkàntọkàn pé ọ̀rọ̀ ń mú èèyàn, tó sì nífẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn, òun ló ṣe é.

* * *

Ọ̀sán Ẹtì ni. Fẹ́yìsetán mú Táòfíkì wọ pálọ̀ dókítà. Níkẹ́ gbé omi wá. Dókítà ò ní kí Táòfíkì jókòó, Táòfíkì sì dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, nítorí ọ̀gá rẹ̀ lè pè nígbàkígbà.

"Ó ti jẹ́wọ́, àbí?" dókítà ní. "Mo mọ̀. Irú wọn kì í lè pa ẹnu dé."

"Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà mí láàmú, Dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ, èmi ará ọjà ẹja. Kí ni Sterblicher yìí gan-an?"

Ojú dókítà tàn. Bí wọ́n bá ju egungun sí ajá, ajá kì í bèèrè ẹni tó jù ú. "Sterben ni kí èèyàn kú. Sterblicher ni ẹni tí ikú lè pa. Àwọn akéwì ló ń lò ó. Nísinsìnyí a ń fi ya èèyàn tó ga sọ́tọ̀ kúrò lára ogunlọ́gọ̀. Ọ̀rọ̀ ni, madam. Afẹ́fẹ́ ẹnu. Àwọn ará abúlé nìkan ló ń sá fún afẹ́fẹ́."

"Ẹ sọ fún ọlọ́pàá pé ó ń pa èèyàn."

"Mo sọ èdè tó máa yé wọn."

"Ẹ̀yin fúnra yín ò wá bẹ̀rù ẹ̀."

"Èmi?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ta sílẹ̀ nínú ife rẹ̀. "Èmi, madam?"

Mia ti wọlé wá wo ohun tó ń pa bàbá rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Fẹ́yìsetán fà á mọ́ra.

"Mia, ọ̀rọ̀ tó wà lára ilẹ̀kùn yẹn, ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Klar," Mia ní, ohùn ẹni tí ìbéèrè náà kéré jù fún. "Wir sind alle Sterbliche. Mama, Papa, gbogbo èèyàn. Èmi náà, ich bin auch eine Sterb..."

Dókítà fò sókè. Ife fọ́. Kí ọmọ tó parí ọ̀rọ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bo ẹnu rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ta ìka yí orí ọmọ náà ká, kíá kíá, bí ẹni ń lé eṣinṣin.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ìwọ kọ́! Kò ní ṣojú mi, kò ní ṣẹ̀yìn mi! Orí ẹ kọ̀ ọ́!"

Mia ń wo bàbá rẹ̀ láti abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣí rodo.

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀, Dókítà," Fẹ́yìsetán rọra wí. "Afẹ́fẹ́ ẹnu ni."

Ó jẹ́ kó jókòó. Ó rò fún un bí ẹni ń rò fún ọmọ kékeré, kò gbé ohùn sókè. Ó ní Altona tí òun lọ, tábìlì kan àti èérún búrẹ́dì lòún bá níbẹ̀, dókítà ò sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Alámìísì. Ó ní àtíkè Táòfíkì ò lè mọ́ pákó, ọ̀dà olómi ni wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kọ, irun rẹ̀ wà nínú báàgì òun. Ó ní pátákó Mia kò ní àmì ọ̀dà, kọ́kọ́rọ́ ló sì gbé e dé abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní ẹni tí wọ́n bá lé kúrò ní Jámánì kò ní lè wá sí ìpàdé wá bèèrè yunifásítì mọ́.

"Àwa tí ẹ ń pè ní ẹni kíkú lásán, a máa ń pe ikú lórúkọ, a sì máa ń jẹun lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ga jù wá lọ, ẹ já orúkọ ọmọ yín kúrò kẹ́ ẹ tó kọ ọ́. Ẹ̀rù ló bà yín. Ẹ̀rù ará abúlé. Ẹ ò tiẹ̀ ní ìgboyà irọ́ tí ẹ fẹ́ pa."

"Ìméfò lásán," dókítà ní. "Kò sí kóòtù tó máa..."

"Bàbá Mia." Níkẹ́ ni. Ó ń ṣa àfọ́kù ife nílẹ̀, kò gbójú sókè. "Ṣé ìwọ ni?"

"Níkẹ́, o mọ bí àwọn ọmọ yìí ṣe..."

"Ṣé ìwọ ni?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí orúkọ ọmọ wà lábẹ́ ẹ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. Lẹ́yìn tó sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ.

Níkẹ́ dìde. "O já orúkọ Mia kúrò. Ọmọ ẹlòmíì tó wà níbẹ̀ yẹn, o kọ ọ́ lé e lórí. Ó ṣe tán, ìyá ẹ̀ ò sí nítòsí."

"Ẹ jẹ́ ká fi í ṣe ọ̀rọ̀ ilé," dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í wí, ó yíjú. "Táòfíkì, ọmọ mi, ìwọ náà mọ̀ pé..."

"Ní ìpàdé, Normalsterblicher ni mí," Táòfíkì dá a lóhùn. "Lónìí mo ti di ọmọ yín. Ìgbéga yìí yá o."

"Ẹ gba fóònù," Fẹ́yìsetán ní. "Ọlọ́pàá lẹ ó kọ́kọ́ pè. Lẹ́yìn náà, ibi iṣẹ́ ọmọ yìí, kí wọ́n tó ṣíwọ́. Ẹ jẹ́ kí ohùn wọn jáde síta, ká lè gbọ́."

"Mo lè wọ yàrá lọ pè..."

"Ní gbangba lẹ ti kun ilẹ̀kùn."

Ó pè. Ọlọ́pàá tó gbé e ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Ó ní kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní àgọ́ wọn, àti pé ẹni tó bá fi irọ́ pe ọlọ́pàá yóò gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló pe ọ̀gá Táòfíkì. Ọkùnrin yẹn gbọ́ ọ títí dópin, ariwo ẹ̀rọ ń lọ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin fúnra yín lẹ kùn ún?" ọ̀gá náà bèèrè.

"Ja."

Ọ̀gá náà pòṣé. Ó ní kí wọ́n sọ fún Táòfíkì kó padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, irin ti kún ilẹ̀. Ó gbé fóònù sílẹ̀ láìkí dókítà pé ó dàbọ̀.

Táòfíkì fi ẹ̀yìn ti ògiri fúngbà díẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó wọ bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Fẹ́yìsetán. Ó tẹ̀ ba fún Níkẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà, ó dàbọ̀." Ó bọ Mia lọ́wọ́, ó ní, "Tschüss, Mia." Dókítà ti ń gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó fẹ́ gba ìkíni. Táòfíkì gba iwájú rẹ̀ kọjá bí ẹni gba iwájú òpó kọjá, ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ.

Ọwọ́ náà dúró lókè síbẹ̀. Nígbà tó yá, dókítà fi í họ orí.